Iná Di Ọjà, Ọjà Kò Ní Olùṣọ́

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, báǹkì ńlá kan ní New York tí wọ́n ń pè ní Merrill Lynch san mílíọ̀nù 7 dọ́là láti fi ra ìpín nínú ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta. Ọkọ̀ náà kì í kó èrò, kì í sì í kó ẹrù. Ẹ̀rọ amúnáwá ni wọ́n gbé lé wọn lórí, Nàìjíríà ni wọ́n sì ti fẹ́ máa lò wọ́n. Enron, iléeṣẹ́ tó ń ta iná àti gáàsì ní ìlú Houston lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló ta ìpín náà. Mílíọ̀nù 28 dọ́là ni wọ́n pe owó rẹ̀. Enron tó ń tà á yìí kan náà ló yá ẹni tó ń rà á ní mílíọ̀nù 21 tó ṣẹ́ kù.

Báǹkì náà kò ní ohun tó fẹ́ fi ọkọ̀ amúnáwá ṣe. Ọdún ló ń parí lọ, Enron sì ń wá èrè tí yóò kọ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀ kí inú àwọn tó dókòwò síbẹ̀ lè dùn. Ó fi òwò yìí kọ èrè tó tó mílíọ̀nù 12 dọ́là sílẹ̀. Àdéhùn ẹnu wà lábẹ́lẹ̀ pé kó tó pé oṣù mẹ́fà, ẹnì kan yóò gba ẹrù náà kúrò lọ́rùn báǹkì, èrè yóò sì wà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2000, iléeṣẹ́ kan tí ọ̀gá àgbà ètò ìṣúná Enron fúnra rẹ̀ ń darí rà á lọ́wọ́ báǹkì. Nígbà tí àṣírí tú, ilé ẹjọ́ ní Houston dá òṣìṣẹ́ Merrill Lynch mẹ́rin àti òṣìṣẹ́ Enron kan lẹ́bi ní 2004, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi tí wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì náà ní 2006. Ẹjọ́ owó àwọn olówó ni wọ́n ń rò. Bóyá iná tàn fún ẹni tó ń gbé létí ọ̀sà, ìyẹn kò sí lára ohun tí wọ́n pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lé lórí.

Ẹgbin, nítòsí Ìkòròdú, ni wọ́n so àwọn ọkọ̀ amúnáwá náà mọ́ ní Èkó. Ọ̀sà tó wà níbẹ̀ ló gba Ẹ̀pẹ́ kọjá lọ pàdé ọ̀sà Lẹ́kí, tó sì dé Ìwòpin ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ìpínlẹ̀ Ògùn. Mákùn-Omi wà ní agbègbè etí omi yìí, pẹ̀lú Abígi, Ìbíadé, Ẹ̀fìrè àti àwọn abúlé tí ọkọ̀ ojú omi nìkan ló rọrùn láti gbé dé. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ará Ogun Waterside ti ń ké sí ìjọba nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò pé òpó iná wà nílẹ̀ àwọn, wáyà wà lórí òpó, ṣùgbọ́n iná kò sí nínú wáyà. Bí wọ́n bá bi ìjọba, ìjọba á ní àwọn ti ta iná fún aládàáni. Bí wọ́n bá bi aládàáni, aládàáni á ní ìjọba ni kò jẹ́ kí òwò náà gún. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ju ẹ̀bi náà síra wọn, tí aráàlú sì jókòó sínú òkùnkùn.

Ẹ̀bi náà ní ibi tó ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ rí i dáadáa yóò kọ́kọ́ bá Enron dé California, níbi tí gbogbo ayé ti rí bí wọ́n ṣe ń fi iná ṣe màgòmágó.

Ní 1996, àwọn aṣòfin California fọwọ́ sí òfin kan láìsí ẹyọ ẹnì kan tó dìbò takò ó. Gómìnà Pete Wilson buwọ́ lù ú. Ohun tí wọ́n sọ fún aráàlú ni pé owó iná ti ga jù, àti pé bí wọ́n bá sọ iná di ọjà gbangba, tí olùtajà ń bá olùtajà díje, owó náà yóò já wálẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń pín iná ta ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n ní. Wọ́n wá di ẹni tó ń ra iná lójoojúmọ́ nínú ọjà tuntun tó ṣí ní 1998, níbi tí iye tí wọ́n ń tà á lónìí lè yàtọ̀ pátápátá sí ti ọ̀la. Òfin kan náà sì kà á léèwọ̀ fún wọn láti fi kún owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá ti ta iṣu rí yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: wọ́n ní kó máa ra ebè ní iyekíye tí àgbẹ̀ bá pè, kó sì máa tà á ní iye tí ọba ti dá lé e.

Ọdún méjì àkọ́kọ́ dára. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2000, ooru mú, omi lọ sílẹ̀ nínú àwọn odò tí wọ́n fi ń mú iná wá ní àríwá, gáàsì wọ́n. Ibẹ̀ làwọn oníṣòwò iná ti rí àyè. Iná tó ń jẹ́ nǹkan bí 30 dọ́là fún wákàtí mẹ́gáwáàtì kan tẹ́lẹ̀ lé ní 300 dọ́là nígbà tó máa fi di oṣù Kejìlá ọdún náà.

Àwọn ọgbọ́n tí wọ́n dá kò ta kókó rárá. Ìjọba ti dá iye tí wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá sórí iná tí wọ́n bá tà nínú California, ṣùgbọ́n iná tó bá ti ìta wọlé kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Enron yóò ra iná nínú California ní owó pọ́ọ́kú, yóò fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ tó múlé gbè é, yóò tún gbé e wọlé bí ẹni pé àjèjì ni, yóò sì tà á ní owó gegere. Ricochet ni wọ́n sọ ọ́. Èyí tí wọ́n pè ní Death Star tún burú ju ìyẹn lọ: wọ́n á gba owó lọ́wọ́ ìjọba pé àwọn ń dín èrò kù lórí wáyà tó ti kún jù, bẹ́ẹ̀ wọn kò gbé iná kankan láti ibì kan dé ibì kan. Nígbà tí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú tẹlifóònù wọn di mímọ̀ ní 2005, aráyé gbọ́ bí òṣìṣẹ́ Enron kan ṣe ń rọ ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ amúnáwá kan ní Las Vegas pé kó wá àwáwí kan, kó pa ẹ̀rọ rẹ̀. Iná kò tó fáwọn èèyàn láti tan nílé lásìkò náà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2001, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná ní àríwá California ní àdúgbò kan tẹ̀lé òmíràn. Iná ojú pópó kú, ọkọ̀ há mọ́ra wọn. Ìpínlẹ̀ tó lọ́rọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kọ̀ǹpútà fún gbogbo ayé, ń gbọ́ irú igbe tí Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìpínlẹ̀ Ògùn mọ̀ dunjú. Ní San Diego, níbi tí òfin tó de owó oníbàárà ti kọ́kọ́ tú, bíìlì àwọn ìdílé di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta láàárín oṣù díẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, PG&E, iléeṣẹ́ tó ń pín iná tó tóbi jù níbẹ̀, lọ sí ilé ẹjọ́ láti kéde pé òun ti wọ gbèsè.

Kí ni ìjọba ń ṣe? Àjọ FERC, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tó sì ní agbára láti dá owó iná dúró, ń sọ pé ọjà yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Gray Davis, gómìnà California lásìkò náà, ń bẹ̀ wọ́n, wọn kò dá a lóhùn. Owó ìpínlẹ̀ ni Davis wá fi ń ra iná, ó sì tọwọ́ bọ àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 43 dọ́là lásìkò tí owó náà wọ́n jù lọ. Oṣù Kẹfà ọdún 2001 ni FERC tó fi òté lé owó iná ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Iye náà já wálẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn aráàlú ti dín iná tí wọ́n ń lò kù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí òfin ti dé, pípa ẹ̀rọ láti fi wá owó kò mú èrè wá mọ́. Enron wó ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Tim Belden, olórí àwọn tó ń bá a ta iná ní ìwọ̀-oòrùn, jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ ní 2002. Ní oṣù Kẹwàá 2003, àwọn olùdìbò yọ Davis nípò.

Ògiri lanu kí alángbá tó wọ ibẹ̀. Enron jalè, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n aṣòfin ló kọ òfin tó sọ olè jíjà di òwò tó lérè, àjọ ìjọba ló sì káwọ́ gbera fún ọdún kan gbáko tó ń wò ó.

Ní àsìkò yìí kan náà ni Enron ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ̀rọ̀. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 1999, Bọ́lá Tinúbú di gómìnà Èkó, Olóyè Bọ́lá Ìgè di mínísítà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná, ó sì ṣèlérí pé láàárín oṣù mẹ́fà nǹkan yóò yí padà. NẸ́PÀ, iléeṣẹ́ iná ìjọba àpapọ̀, nìkan ló láṣẹ láti gbé iná káàkiri orílẹ̀-èdè. Èkó kò lè dúró de NẸ́PÀ mọ́, ó bá Enron ṣe àdéhùn pé kó gbé ọkọ̀ amúnáwá wá. Nígbà tí àwọn ará Báǹkì Àgbáyé àti ìjọba àpapọ̀ wo ìwé àdéhùn náà, wọ́n ní owó rẹ̀ ti ga jù, wọ́n sì tún un kọ. Enron ta òwò náà fún AES, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà mìíràn, òun ló sì padà mú mẹ́gáwáàtì 270 wọ wáyà NẸ́PÀ láti Ẹgbin. Ìgbìyànjú gómìnà láti wá iná fún ìlú rẹ̀ kì í ṣe ohun àbùkù. Ohun tó yẹ kó dun èèyàn ni pé aráàlú kò rí ìwé àdéhùn náà kà kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ lórúkọ wọn.

Ní 2005, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ buwọ́ lu òfin tó fòpin sí NẸ́PÀ, tó sì dá àjọ NERC sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ọjà iná. Ìjọba rẹ̀ kọ́ àwọn ilé amúnáwá tuntun, lára wọn ni ti Pápáláńtò ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ti Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin. Ní 2008, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin jókòó láti wádìí ibi tí owó iná wọlé sí. Dímèjì Bánkọ́lé tó jẹ́ olórí ilé náà sọ pé bílíọ̀nù 16 dọ́là ni. Ọbásanjọ́ ní irọ́ ni, kò tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn làwọn méjèèjì. Láti ìgbà yẹn, kò sí ìdájọ́ kankan tó fìdí iye náà múlẹ̀, aráàlú kò sì mọ èyí tó yẹ kó gbà gbọ́.

Ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba Goodluck Jonathan wá kó iná lé aládàáni lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ 11 tó ń pín iná ni wọ́n ta ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún wọn; ìdá 40 tó kù ṣì jẹ́ ti ìjọba. Iléeṣẹ́ Ìbàdàn, IBEDC, tí ọ̀pọ̀ ìlú ní ìpínlẹ̀ Ògùn wà lábẹ́ rẹ̀, lọ ní mílíọ̀nù 169 dọ́là. Owó báǹkì ni púpọ̀ nínú àwọn tó rà wọ́n fi rà wọ́n. Gbèsè IBEDC bàjẹ́ débi pé ní 2021, AMCON, àjọ ìjọba tó ń gba gbèsè tó ti kú, gba iléeṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ìjọba tà nítorí pé kò mọ̀ ọ́n ṣe padà sí ọwọ́ ìjọba lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ.

Bí ọjà náà ṣe ń lọ rèé. Ẹni tó ní gáàsì ń tà á fún ilé amúnáwá. Iléeṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ NBET ń ra iná lọ́wọ́ ilé amúnáwá. TCN, tí ó ṣì jẹ́ ti ìjọba pátápátá, ń fi òpó gíga gbé e káàkiri. Àwọn bíi IBEDC ló ń pín in dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n sì ń gba owó. Owó tí wọ́n gbà yẹ kó padà gba ọ̀nà tí iná gbà wá, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni gáàsì. Kì í padà tán. Àwọn kan kò sanwó, àwọn kan jí iná, àwọn iléeṣẹ́ náà sì ń dá apá kan owó dúró. Ìjọba alára ló wá bà á jẹ́ jù. Nígbàkúùgbà tí ìdìbò bá sún mọ́, owó iná kì í lè kúrò lójú kan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ṣáájú ìdìbò ààrẹ, NERC gé lára owó náà kù. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, wọ́n sọ ọ́ sókè lójijì. Ní oṣù Keje ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó ní ìfikún náà kò bófin mu.

Aṣìṣe California gan-an nìyẹn. Wọ́n tú owó iná sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rà á, wọ́n dè é níbi tí wọ́n ti ń tà á, wọn kò sì sọ ẹni tí yóò di àlàfo àárín. Àlàfo tiwa di gbèsè. Ní 2025, ìjọba Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí yíyá tírílíọ̀nù 4 náírà láti fi san gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn ilé amúnáwá. Ilé amúnáwá Azura ní Benin, tó ń mú mẹ́gáwáàtì 461 wá láti 2018, ní àdéhùn tó sọ pé ìjọba yóò sanwó agbára tó wà ní sẹpẹ́, yálà wáyà lè gbé iná náà tàbí kò lè gbé e. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló ń san owó yìí, ará Mákùn-Omi pẹ̀lú. Owó ìlú ni, òun náà sì ni ìlú. Ó ń dá sí owó iná tí kò tàn fún un rí.

Màgòmágó tiwa yàtọ̀ sí ti Enron. Ti California, ẹni tó ń mú iná wá ló ń pa á mọ́ kó lè wọ́n. Tiwa, ẹni tó ń pín in ni kì í fẹ́ gbà á. TCN ti pariwo rẹ̀ léraléra pé iná wà nílẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná ni wọ́n ń kọ̀ ọ́. Ìdí kò jìnnà. Bí wọ́n bá gbé iná lọ sí àdúgbò tí kò ní mítà, tí owó kì í wọlé dáadáa, àdánù ni wọ́n kà á sí, nítorí náà wọ́n á yáa gbé e lọ sí ibi tí owó wà. Àwọn tí kò ní mítà tí iná sì ń dé ọ̀dọ̀ wọn fìrífìrí ni wọ́n wá ń fi bíìlì àfojúbù jẹ níyà. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, NERC bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù 10 náírà lé àwọn iléeṣẹ́ 11 náà lórí nítorí pé wọ́n gba owó tó ju ohun tí òfin gbà láyè lọ lọ́wọ́ àwọn tí kò ní mítà. Ìdá mẹ́wàá péré nínú ohun tí wọ́n gbà lọ́nà àìtọ́ ni ìtanràn náà. Wọ́n ní kí wọ́n dá owó àwọn oníbàárà padà. Ní 2025, NERC tún bu ìtanràn lé mẹ́jọ nínú wọn lórí, ẹ̀sùn náà kò yí padà. Nígbà tí ìtanràn bá kéré sí èrè, iléeṣẹ́ yóò máa san án bí ẹni ń san owó ọjà.

Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n wá gbé Báǹdì A dé. Àwọn tí iná wọn yóò máa tàn fún wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n fi sí i, nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà. Owó wọn fò láti ibi tí kò tó 70 náírà fún ẹyọ kan dé 225 náírà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, NERC ti bu ìtanràn mílíọ̀nù 200 náírà lé iléeṣẹ́ Abuja lórí, nítorí pé ó ń gba owó Báǹdì A lọ́wọ́ àwọn tí kò sí nínú Báǹdì A. Ìwọ̀n kan wà nínú ètò náà tó tọ́: ẹni tó bá rí iná, kó san iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò tó ń sanwó fún iléeṣẹ́ kó lè gbé iná lọ sí ibi tó ti mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní ìdí kankan láti rán an lọ sí etí omi.

Ẹni tó bá dé àwọn ìlú etí omi yìí ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí ohun tí àìsí iná ń jẹ lọ́wọ́ èèyàn. Níwájú ṣọ́ọ̀bù tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ti ń bú, fóònù ni yóò tò jọ lórí tábìlì, okùn ṣájà lọ́ mọ́ra wọn. Ọmọdé tó jókòó tì wọ́n ti lẹ bébà tó kọ nọ́ńbà sí mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ti ẹnì kan má baà di ti ẹlòmíràn, owó ni olúkúlùkù sì ń san kí ẹnu fóònù rẹ̀ tó là. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jálá epo tí kò tó 200 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì di 2024, ó ń súnmọ́ 1,000. Owó fóònù gbé ẹnu sókè tẹ̀lé e. Yìnyín gbé tirẹ̀ sókè.

Níbi ẹja ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù, ni obìnrin kan tó bá ń gbé ẹja lọ sí ọjà lè sọ, kò sì ní parọ́. Ẹja tútù tó bá jáde nínú omi láàárọ̀ kò lè sun ilẹ̀ mọ́jú níbi tí ẹ̀rọ amómitutù kò sí. Àwọn oníṣòwò tó ń ti ìlú ńlá wá rà á mọ èyí. Wọ́n lè dúró di ọ̀sán, kí wọ́n máa ná an díẹ̀díẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí oòrùn ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ẹni tó ń tà á ń rọ̀. Bí kò bá tà á, kó gbé e lé àgbá, kó dáná èéfín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kó fi ojú àti àyà rẹ̀ jìyà rẹ̀. Àìsí iná ti gba agbára ìnájà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí yàrá tútù kan ṣoṣo bá wà ní ìlú, òun náà lè sọ pé "mi ò tà" kó sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Nǹkan ńlá ti kọjá lójú àwọn ará ibẹ̀ rí. Ìwòpin ní ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba àpapọ̀ kọ́, iṣẹ́ ibẹ̀ kò sì lọ bí wọ́n ṣe pète rẹ̀. Olókóla, ní ààlà Ògùn àti Oǹdó, ni wọ́n ti fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ tí yóò sọ gáàsì di omi láti kó o lọ sí òkè òkun. Shell, Chevron àti BG ló bá ìjọba dáwọ́ lé e, gbogbo wọn sì fi í sílẹ̀ nígbà tó fi máa di 2013. Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ tó ń mú iná wá kò jìnnà sí wọn. Ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó níbi tí Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà gan-an, Òkìtìpupa àti àwọn ìlú tó yí i ká lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá láìrí iná. Òpó gíga ń gba orí oko wọn kọjá, iná inú rẹ̀ ń lọ síbòmíràn.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò ṣeé ṣe. Gbamu-Gbamu, abúlé àwọn àgbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú East, tó bá Ogun Waterside pààlà, rí iná ní 2018. Iléeṣẹ́ Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Rubitec ló gbé ẹ̀rọ oòrùn kílówáàtì 85 kalẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù àti Jámánì ló ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́ lábẹ́ ètò tí ìjọba àpapọ̀ bá wọn ṣe. Olúkúlùkù ní mítà, ó ń san owó kó tó lo iná, iye tó ń san fún ẹyọ kan sì ga ju ti IBEDC àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n iná ń tàn. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé ní 2016, NERC kọ ìlànà tó mọ́ gaara fún irú iná abúlé bẹ́ẹ̀: ẹni tó lè kọ́ ọ, bí wọn yóò ṣe dá owó rẹ̀, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wáyà ńlá bá dé bá a. Òwò aládàáni ni, ìjọba ló là á lọ́nà. Ìgbà tí olùṣọ́ bá ṣiṣẹ́ rẹ̀, ọjà iná lè gbé àǹfààní dé abúlé bíi Gbamu-Gbamu.

Ọ̀rọ̀ ti wá yí padà báyìí, èyí ló sì yẹ kí gbogbo ará Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti etí omi mọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu àtúnṣe ìwé òfin Nàìjíríà tó fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti mú iná wá, láti gbé e àti láti pín in, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti dé. Ní oṣù Kẹfà, Ààrẹ Tinúbú fi òfin iná tuntun tì í lẹ́yìn. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣe òfin tirẹ̀, ó ti dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí NERC fa àṣẹ ìṣọ́jà iná lé lọ́wọ́. Ohun tí Èkó ń wá ní 1999 nígbà tó lọ bá Enron ni Ògùn ní lọ́wọ́ lónìí.

Nítorí náà, a ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, a sì ń béèrè pẹ̀lú, torí ẹ̀tọ́ ni. Kí wọ́n gbé orúkọ gbogbo ìlú àti abúlé tí kò ní iná ní Ogun Waterside síta, pẹ̀lú oṣù tí iná yóò dé ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó gba iṣẹ́ náà. Àdéhùn tí wọ́n bá bá iléeṣẹ́ kankan ṣe, kí aráàlú rí i kà kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má gba owó bíìlì níbi tí kò tíì gbé mítà dé. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ láṣẹ láti ta iná fún àwọn olówó ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, kí wọ́n so ọ́ mọ́ ọn pé yóò gbé e dé etí omi pẹ̀lú. Kí ìtanràn sì ju èrè lọ, kó má jẹ́ bíi ti àwọn iléeṣẹ́ 11 náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ pa bíìlì àti rìsíìtì yín mọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí iná wá àti ọjọ́ tó lọ sílẹ̀, ẹ mú un tọ aṣojú yín lọ ní Abígi, kó gbé e dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mọ́sán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú àwọn èèyàn, kó tó tún wá tọrọ ìbò yín. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ní àṣẹ báyìí, òun náà ló sì ni ẹ̀bi bí òkùnkùn bá ṣì wà ní Mákùn-Omi.